Ẹ̀yin kóòṣì fọ́líbọ́ọ̀lù, ìgbà wo lẹ máa ń na táìmáòtù yín?

ỌmọYàgbà (Ìsánlú)

Okun o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ọ̀rọ̀ kan ti gba oorun lójú mi láti ọjọ́ Sátidé. Mo ní kí n gbé e wá síbí, torí mo mọ̀ pé àwọn tó ti pẹ́ nídìí fọ́líbọ́ọ̀lù jù mí lọ wà níbí.

Èmi ni kóòṣì ẹgbẹ́ àwọn ọmọbìnrin ilé-ìwé wa, ọdún kejì mi rèé. Sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta la máa ń gbá nínú ìdíje wa, ẹni tó bá jẹ méjì ló borí, sẹ́ẹ̀tì kẹta sì ń parí ní 15. Lọ́jọ́ Sátidé, àwa àti ẹgbẹ́ kan láti apá Kàbbà pín sẹ́ẹ̀tì méjì àkọ́kọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú ẹ̀kẹta, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sá lọ mọ́ wa lọ́wọ́: 1-4. Mo bèèrè táìmáòtù, ìdúró 30 sẹ́kọ́ńdì tí kóòṣì fi ń bá àwọn ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó di 3-7. Mo bèèrè èkejì. Wọ́n jẹ ìkẹjọ, a pààrọ̀ ojú pápá, ni Ọlọ́run bá bá wa ṣe é. Sáàfù, ìyẹn bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, bọ́ sọ́wọ́ ọmọ mi kan, ó ń gbá a, wọn ò rí i dá padà, bá a ṣe ń lé wọn bọ̀ nìyẹn títí ó fi di 12-11, àwa la wà níwájú. Àwọn òbí ti ń jó.

Wọ́n jẹ ọ̀kan, 12-12. Sáàfù wá bọ́ sọ́wọ́ ọmọbìnrin tín-ín-rín kan tí mi ò kà kún láti àárọ̀. Bọ́ọ̀lù tiẹ̀ kì í yí. Ó kàn máa ń gbọ̀n lófuurufú bí ewé gbígbẹ, ìwọ tí o fẹ́ gbà á ò ní mọ ibi tó ń lọ. 13. 14. Mo fọwọ́ ṣe T sí rẹfirí kejì. Ó wò mí bí ìyá ṣe ń wo ọmọ tó ń na ọwọ́ sí ẹran kẹta, ó ní, "Kóòṣì, ẹ ti lo méjèèjì." 15. Ó parí.

Látìgbà yẹn, gbogbo èèyàn ló ń sọ pé mo fi táìmáòtù ṣòfò. Àní ìyá tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun lẹ́bàá pápá náà sọ ọ́. Ṣé òótọ́ ni wọ́n ń sọ? Ìgbà wo lẹ̀yin máa ń lo tiyín?

Kóòṣì_Àgbà (Kàbbà)

Okun, ọmọ mi. Pẹ̀lẹ́, ó máa ń dun èèyàn.

Òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Òfin tèmi kò ju ẹyọ kan lọ: mi ò kì í fọwọ́ kan táìmáòtù kí sẹ́ẹ̀tì tó dé 20. Bó bá jẹ́ sẹ́ẹ̀tì 15, ó di ìgbà tá a bá dé 10. Ní ìbẹ̀rẹ̀, jẹ́ kí àwọn ọmọ jìyà díẹ̀, kí wọ́n fúnra wọn wá bí wọ́n ṣe máa yọ. Ìparí ni àyà máa ń já wọn, ìgbà yẹn ni wọ́n nílò ojú àgbà. Táìmáòtù dà bí owó ọkọ̀ tí èèyàn dì sí etí aṣọ. A kì í tú u ra ẹ̀pà lójú ọ̀nà.

Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, ẹgbẹ́ tó bá gbá sáàfù nìkan ló lè jẹ póìǹtì. Sáàfù á lọ, á bọ̀, á tún lọ, ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kan pátákó póìǹtì. Kóòṣì láǹfààní láti jókòó kó ronú. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ń kánjú jù.

ÌyáEléré (Ẹ̀gbẹ̀)

Bàbá, mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ẹ má bínú sí mi, àmọ́ ẹnu yín lẹ fi sọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

Lábẹ́ òfin àtijọ́ yẹn, ẹ lè dì í sí etí aṣọ, torí sẹ́ẹ̀tì ò lè sá mọ́ yín lọ́wọ́ kíákíá. Òfin ọ̀hún ti yí padà láti nǹkan bí 1998 sí 1999, ìgbà tí FIVB, àjọ fọ́líbọ́ọ̀lù àgbáyé, sọ ọ́ di pé bọ́ọ̀lù èyíkéyìí tó bá kú, ẹnìkan gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́. Ní báyìí, sáàfù márùn-ún léra wọn ti jẹ ìdá kan nínú márùn-ún sẹ́ẹ̀tì 25 yín. Nínú sẹ́ẹ̀tì 15, ìdá kan nínú mẹ́ta ti lọ nìyẹn, kí ẹ tó tún okùn bàtà ẹnìkan so. Bẹ́ ẹ bá ń dúró de 20, ẹ lè dé ibẹ̀ kí tiyín ṣì wà ní 11.

Ohun kejì: méjì ni táìmáòtù nínú sẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, èyí tẹ́ ẹ ò bá sì lò ò bá yín wọ sẹ́ẹ̀tì tó kàn. Ó kú síbẹ̀ ni. Ta ló ń di owó tó máa bàjẹ́ lálẹ́ sí etí aṣọ?

Tèmi, mẹ́ta léra. Bí wọ́n bá ti fi sáàfù ẹnìkan jẹ wá lẹ́ẹ̀mẹta tẹ̀lé ara wọn, mo ti ń na ọwọ́. Àfi tí mo bá rí i pé ẹni tó ń gbá a yẹn ò ní pẹ́ gbá a wọ nẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ń fi gbogbo agbára gbá a, tí ojú rẹ̀ ti ń ràn, ẹ fi í sílẹ̀, ó ń bọ̀ wá ṣì í.

Ṣùgbọ́n ìwọ ọmọ Yàgbà, mo ní ìbéèrè kan fún ọ ká tó sọ pé o ṣòfò tàbí o ò ṣòfò. Kí lo sọ fún wọn nínú táìmáòtù méjèèjì?

ỌmọYàgbà (Ìsánlú)

Mummy, ẹ ti mú mi níbi tó ń dùn mí.

Ti àkọ́kọ́: mo ní kí wọ́n jí. Mo ní kí wọ́n máa pe bọ́ọ̀lù. Mo ní kí sétà, ẹni tó ń gbé bọ́ọ̀lù fún ẹni tó máa gbá a, má máa gbé e sún mọ́ nẹ́ẹ̀tì jù. Mo ní kí àwọn tó ń ṣe búlọ́ọ̀kì pa ọwọ́ pọ̀. Mo bá ọmọ kan wí nítorí pé ó ń rẹ́rìn-ín. Mo rántí pé mo tún sọ nǹkan kan nípa orúkọ ilé-ìwé wa. Fèrè dún, mo ṣì ń sọ̀rọ̀.

Ti èkejì: mo tún gbogbo rẹ̀ sọ, mo pariwo díẹ̀ sí i.

ÌyáEléré (Ẹ̀gbẹ̀)

Mo mọ̀. Gbogbo wa la ti ṣe é rí.

Jẹ́ ká jọ wo 30 sẹ́kọ́ńdì yẹn dáadáa, torí èmi ti fi fóònù ka tèmi. Rẹfirí fọn fèrè. Àwọn ọmọ ń rìn bọ̀ lẹ́bàá bẹ́ǹṣì, ẹni tó jìnnà jù ń wọ́ ẹsẹ̀: sẹ́kọ́ńdì márùn-ún, mẹ́fà. Ẹni àkọ́kọ́ ti mú omi inú ọ̀rá, ó fi eyín ya ìdí rẹ̀, ó mu ún, ó da ìyókù sórí, ó nà án sí ẹnìkejì. Ẹnìkan ń tún ìbò orúnkún rẹ̀ fà sókè. Ó ti di mẹ́wàá. Ojú wọn ò tíì kúrò lórí pátákó, wọ́n ń wò ó bí ẹni pé ó lè yí padà fúnra rẹ̀. Bí o bá sọ̀rọ̀ nísinsìnyí, wọn ò gbọ́. Ní nǹkan bíi méjìlá ni wọ́n á tó gbójú sókè wò ọ́. Láti ibẹ̀ títí tí wọ́n á fi bẹ̀rẹ̀ sí í padà sójú pápá, ohun tó kù fún ọ kò ju sẹ́kọ́ńdì mẹ́wàá sí méjìlá lọ.

Sẹ́kọ́ńdì mẹ́wàá! Gbólóhùn méjì ni. Nítorí náà, èmi máa ń sọ ẹyọ kan nípa bí a ṣe máa gba sáàfù, ẹyọ kan nípa ẹni tí sétà máa gbé bọ́ọ̀lù fún. "Ẹ sún sẹ́yìn ẹsẹ̀ kan. Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́, Nọ́ńbà Mẹ́rin." Ó tán. Mo lè di ọwọ́ ẹni tó ń gbọ̀n mú nígbà tí mo ń sọ ọ́. Ìbáwí, mo máa ń tọ́jú ìyẹn di inú ọkọ̀ nígbà tá a bá ń lọ sílé.

Rẹfirí_Gbẹ̀dẹ̀ (Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀)

Okun gbogbo ilé. Mo ti ń kà á bọ̀, ó yẹ kí n dá sí i, torí mo ti wà lórí àga rẹfirí ju bí mo ṣe wà lórí àga ilé mi lọ.

ỌmọYàgbà, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo ti rí òfò gan-an, kì í ṣe 1-4. 3-7 ni. Ẹ̀yin fúnra yín kọ ọ́ pé a máa ń pààrọ̀ ojú pápá bí ẹgbẹ́ kan bá dé 8 nínú sẹ́ẹ̀tì ìparí. Wọ́n ti wà ní 7. Bí wọ́n bá jẹ ìkan sí i, eré máa dúró fúnra rẹ̀, ẹ̀yin àti wọn máa rìn kọjá síbòmíràn, ẹni tó ń gbá sáàfù lára rẹ̀ á tutù díẹ̀ láìná yín ní ohunkóhun. Ìdúró yẹn kì í ṣe táìmáòtù o, a kì í jẹ́ kí wọ́n fi falẹ̀, àmọ́ ẹ lè sọ ọ̀rọ̀ kan sí etí balógun yín bí ó ṣe ń kọjá. Ẹ san owó fún ohun tí wọ́n fẹ́ fún yín lọ́fẹ̀ẹ́.

Nípa ìkẹta tẹ́ ẹ bèèrè: orí ire lẹ ní. Ẹni tó bá bèèrè ju méjì lọ ti bèèrè lọ́nà àìtọ́. Ti àkọ́kọ́, bí kò bá dí eré lọ́wọ́, a kàn máa kọ̀ ọ́ ni, a ó sì kọ ọ́ sínú ìwé. Bí ẹgbẹ́ yín bá tún bèèrè lọ́nà àìtọ́ nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan náà, ó ti di ìfàsẹ́yìn: káàdì yẹ́lò ni a ó fi kan ọrùn-ọwọ́ wa. Bí ìfàsẹ́yìn bá tún wáyé lẹ́yìn ìyẹn, ó di pupa, póìǹtì àti sáàfù ti di ti ẹgbẹ́ kejì nìyẹn. Ní 12-14, ká ní ó ti dé pupa, ọwọ́ yín ni ìdíje ìbá ti parí.

Ẹ tún rántí pé kóòṣì ló ni ẹ̀tọ́ láti bèèrè, àfi tí kóòṣì ò bá sí níbẹ̀ ni balógun ojú pápá lè ṣe é. Igbákejì kóòṣì ò ní ẹ̀tọ́ sí i. Mo ti rí i níbi tí igbákejì ti ń fò sókè bí ọ̀pọ̀lọ́, tó ń ṣe T, T, T, tí kóòṣì fúnra rẹ̀ sì dojú kọ àwọn tó jókòó lẹ́yìn, ó ń bá wọn jà nítorí ariwo. Mi ò fọn fèrè. Ọ̀nà ò sí. Kí bọ́ọ̀lù ti kú, kí rẹfirí àkọ́kọ́ má sì tíì fọn fèrè sáàfù, ààrin méjì yẹn ni àyè yín wà. Bí fèrè sáàfù bá ti dún, ẹni tó ń gbá a ní sẹ́kọ́ńdì mẹ́jọ, ẹ̀yin ò ní nǹkan kan mọ́.

TísàÌṣirò (Mọ̀pà)

Mi ò mọ fọ́líbọ́ọ̀lù gbá. Ìyàwó mi ló ń gbá a, èmi ló máa ń kọ póìǹtì sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ yín tó ń yọ mí lẹ́nu.

Ẹni tó bá bèèrè táìmáòtù, ó sábà máa ń jẹ́ ẹni tó ń gba sáàfù, àbí? Nígbà tí wọ́n bá padà wọlé tí wọ́n jẹ bọ́ọ̀lù tó tẹ̀ lé e, kóòṣì á fẹ̀ àyà, á ní táìmáòtù òun ṣiṣẹ́. Àmọ́ láàárín àwọn àgbà òṣèré, ẹgbẹ́ tó ń gba sáàfù ló máa ń jẹ bọ́ọ̀lù náà jù, torí àwọn ló kọ́kọ́ láǹfààní láti fò kí wọ́n gbá a mọ́lẹ̀. Ká ní wọ́n ń jẹ mẹ́fà nínú mẹ́wàá láìsí ìdúró kankan. Bí wọ́n bá jẹ mẹ́fà nínú mẹ́wàá lẹ́yìn táìmáòtù, kí ni táìmáòtù fi kún un? Òfo. Ó dà bí ẹni tó mu àgbo fún ọ̀fìnkìn, tí ara rẹ̀ yá lọ́jọ́ keje. Ọ̀fìnkìn kò ní ṣàì lọ lọ́jọ́ keje.

Nítorí náà, ẹ má wo bọ́ọ̀lù kan tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ní tòótọ́, kó ra ìwé àkọsílẹ̀ kékeré. Kó kọ ìgbà tí wọ́n jẹ wá lẹ́ẹ̀mẹta léra tí a bèèrè àti ohun tó ṣẹlẹ̀, kó tún kọ ìgbà tí wọ́n jẹ wá lẹ́ẹ̀mẹta tí a ò bèèrè. Kó wá fi wọ́n wéra ní ìparí táàmù.

Kóòṣì_Àgbà (Kàbbà)

Tísà, ẹ ṣé. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ò tíì rí ojú ọmọ ọdún mẹ́tàlá tó ti jẹ́ kí bọ́ọ̀lù méjì já bọ́ níwájú rẹ̀. Kò sí nínú ìwé àkọsílẹ̀ yẹn.

Mo gba ti ìyá yìí nípa owó tó ń bàjẹ́. Ó mú mi. Mo jókòó rò ó lánàá, mo rí i pé láìpẹ́ yìí mo ti padà sílé pẹ̀lú táìmáòtù méjì nínú sẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti nà wá ní 25-13. Ta ni mo tọ́jú wọn dè? Ṣùgbọ́n mi ò gbà pé mẹ́ta léra ni kí èèyàn sọ di òfin. Bó o bá ń ṣe é bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo, kóòṣì kejì á mọ̀ ọ́. Á ti sọ fún ọmọ tó ń gbá sáàfù tẹ́lẹ̀ pé, "Bí wọ́n bá pe táìmáòtù, má wá jókòó, máa rántí ibi tó o fẹ́ gbá èyí tó kàn sí." Nígbà tí ẹ bá padà, á ti múra dè yín. Ìdúró yẹn, tiwọn náà ni. Àwọn náà ń mu omi.

Kóòpà_Ìbàdàn (Asaya)

Ẹ káàárọ̀ sà, ẹ káàárọ̀ mà. Kóòpà ni mí, Ìbàdàn ni mo ti wá, a wà ní kọ́ńpù lọ́wọ́lọ́wọ́. (Ta ló kọ́ yín ní "okun" yìí? Mo rò pé ńṣe ni wọ́n ń bá mi kẹ́dùn lọ́jọ́ tí mo dé.)

Mo wà nínú ẹgbẹ́ fọ́líbọ́ọ̀lù plátúùnù wa. Ìbéèrè mi: nígbà tí mo wà ní kékeré tá a máa ń wo fọ́líbọ́ọ̀lù àgbáyé lórí tẹlifíṣọ̀n, mo rántí pé eré máa ń dúró fúnra rẹ̀ tí ẹgbẹ́ kan bá dé 8, á tún dúró ní 16. Kí ló dé tí tiwa ò ní in? Ìyẹn ìbá ti ràn yín lọ́wọ́.

Rẹfirí_Gbẹ̀dẹ̀ (Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀)

Kóòpà, ẹ káàbọ̀ sí ilẹ̀ wa. Ohun tí ẹ rí wà lóòótọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni FIVB fi lò ó nínú ìdíje ńláńlá tiwọn: ní 8 àti 16, 60 sẹ́kọ́ńdì, láti sẹ́ẹ̀tì kìíní títí dé ẹ̀kẹrin. Nínú ẹ̀karùn-ún kò sí i. Yàtọ̀ sí méjì ti kóòṣì ni o. Ìpolówó ọjà orí tẹlifíṣọ̀n náà rí àyè wọlé níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ti ìdíje ilé-ìwé, méjì méjì ti kóòṣì yìí nìkan là ń lò.

ÌyáEléré (Ẹ̀gbẹ̀)

Kóòpà béèrè ìbéèrè tó dára, torí ó fi hàn pé òfin ló ń kọ́ kóòṣì ní ìwà.

Níbi tí wọ́n ti ní ìdúró 8 àti 16 yẹn, kóòṣì tí wọ́n ń nà ní 5-7 á di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó mọ̀ pé ìṣẹ́jú kan odindi ń bọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Méjì tirẹ̀ á wà títí di ẹ̀yìn 16, ni ó fi lè ṣe bíi ti Bàbá Kàbbà láìsí ewu. Àwa tí a ò ní in, a gbọ́dọ̀ pín méjì yẹn ká gbogbo sẹ́ẹ̀tì. Ẹ wò ó báyìí: ọgbọ́n Bàbá ò burú, àmọ́ abẹ́ òfin mìíràn ló ti dára jù.

Ó tún ní apá kejì. Ká ní ìwọ lò ń sá lọ, 7-2, ọmọ rẹ ń gbá sáàfù bí ẹni tí wọ́n ṣe oògùn fún. O jẹ ìkẹjọ, fèrè dún, kí gbogbo yín lọ jókòó fún ìṣẹ́jú kan. Ẹnikẹ́ni ò bi ọ́. O padà dé, sáàfù wọ nẹ́ẹ̀tì. Mo ti rí i lórí tẹlifíṣọ̀n, ó máa ń ṣe mí bíi kí n fọ́ ọ.

Ọmọ_Ìyárá

Ẹ jọ̀ọ́, ìyá tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun yẹn, ṣé ó ṣì wà níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́? Mo ń bọ̀ ní Ìsánlú ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

ỌmọYàgbà (Ìsánlú)

Ó wà o. Ẹ má bá a sọ̀rọ̀ fọ́líbọ́ọ̀lù ṣá, á kọ́ yín.

Rẹfirí, ọ̀rọ̀ 3-7 yẹn wọ̀ mí lára. Mi ò rò ó rárá. Ìbéèrè: nígbà tí mi ò ní táìmáòtù mọ́ ní 12-13, ṣé kò sí ohun mìíràn tí mo lè ṣe?

Rẹfirí_Gbẹ̀dẹ̀ (Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀)

Ó wà. Ìpààrọ̀ ẹni. Mẹ́fà lẹ ní nínú sẹ́ẹ̀tì kan, mélòó lẹ ti lò?

ỌmọYàgbà (Ìsánlú)

Òfo. Mi ò pààrọ̀ ẹnikẹ́ni. Àwọn tó dára jù ló wà nínú pápá.

Rẹfirí_Gbẹ̀dẹ̀ (Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀)

Ẹ ti rí i. Mẹ́fà kú síbẹ̀. Ìpààrọ̀ ò pẹ́ bíi táìmáòtù, sẹ́kọ́ńdì díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbá sáàfù á dúró, á di bọ́ọ̀lù mú, á máa wo ilẹ̀. Ẹni tó ń wọlé á sì gbé ọ̀rọ̀ yín lọ sínú pápá. Ẹ sọ ọ́ sí i létí kó tó wọlé, òun á sọ fún àwọn márùn-ún tó kù. Nígbà tó bá yá, ẹ lè dá ẹni àkọ́kọ́ padà sí ipò rẹ̀, ìdúró mìíràn nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sẹ́ẹ̀tì kò lè jáde ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kò sì lè padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ní ipò ẹni tó rọ́pò rẹ̀.

Kí ẹni tó máa wọlé ti wà ní ìmúrasílẹ̀ létí pápá o. Ọ̀pọ̀ kóòṣì ló máa ń pe ọmọ tó ṣì wọ sílípáàsì. Ìyẹn, a ò ní gbà á, ìfàsẹ́yìn la ó kọ sílẹ̀ fún yín. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹgbẹ́ kan ò lè bèèrè ìpààrọ̀ lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀lé ara wọn láìgbá bọ́ọ̀lù láàárín.

Kóòṣì_Àgbà (Kàbbà)

ỌmọYàgbà, jẹ́ kí n bi ọ́ ní nǹkan kan tí ẹnikẹ́ni ò tíì bi ọ́. Aago mélòó ni ìdíje yẹn parí? Apá ibo lẹ sì kọjú sí lẹ́yìn tẹ́ ẹ pààrọ̀ ojú pápá ní 8?

ỌmọYàgbà (Ìsánlú)

Bíi aago márùn-ún ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́. A kọjú sí…

Háà.

Ìwọ̀ oòrùn. Ojú oòrùn gan-an la kọjú sí.

Kóòṣì_Àgbà (Kàbbà)

Ẹ̀ẹ́ẹ̀n. Mo mọ pápá yẹn. Kò sí igi kankan lápá ìwọ̀ oòrùn, àwọn ilé tó wà níbẹ̀ sì kúrú. Láago márùn-ún ààbọ̀, oòrùn máa ń jókòó sórí nẹ́ẹ̀tì bí ẹyẹ.

ỌmọYàgbà (Ìsánlú)

Bàbá, ẹ jẹ́ kí n rò ó sókè. Nígbà tí ọmọ mi ń gbá sáàfù tá a ń jẹ lọ, a ò gba sáàfù ẹnikẹ́ni, oòrùn ò rí wa mú. Àwọn ọmọ tiwọn tó kù, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti máa ń ta sáàfù tiwọn sókè, ó máa ń pẹ́ kó tó bọ́, ọmọ mi á fi ọwọ́ ṣíji bojú, á rí i. Ọmọ tín-ín-rín yẹn nìkan ló ń gbá a láti òkè orí, tààrà, kò ga ju nẹ́ẹ̀tì lọ púpọ̀. Láti inú oòrùn ló ti ń jáde. Méjì nínú mẹ́ta yẹn, ọmọ kan náà tó wà lẹ́yìn lápá òsì ló lọ bá. Mo rò pé ẹ̀rù ló ń bà á. Mo tiẹ̀ bá a wí lẹ́yìn eré. Kò rí bọ́ọ̀lù ni!

Ká ní mo ní táìmáòtù kan lọ́wọ́ ní 12-13, mo mọ ohun tí ǹ bá sọ. "Ẹ jí." Oòrùn ìbá ṣì wà níbẹ̀.

ÌyáEléré (Ẹ̀gbẹ̀)

Lọ bẹ ọmọ yẹn.

Bí mo bá wà níbẹ̀, mo máa mú un sún síwájú, kí ẹni tó wà láàárín fẹ̀ dé apá tirẹ̀, tàbí kí n fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Láti ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹni tó ń gbà á ti máa wò ó, kí ara rẹ̀ yí díẹ̀. Ìpààrọ̀ kan lè gbé ìyẹn wọlé, kò gba táìmáòtù. Ìyẹn ni pé 1-4 àti 3-7 rẹ kọ́ ló pa ọ́. Wọn ò kàn gbà ọ́.

TísàÌṣirò (Mọ̀pà)

Ẹ fi oòrùn kún ìwé àkọsílẹ̀ náà.

Kóòpà_Ìbàdàn (Asaya)

Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìbéèrè kan ṣoṣo tó kù. Ṣé èèyàn lè bèèrè táìmáòtù méjèèjì léra wọn, kó di odindi ìṣẹ́jú kan? A ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ lọ́la, ẹnìkan wà nínú plátúùnù tá a fẹ́ kojú, sáàfù rẹ̀ kò ṣe é gbà.

Rẹfirí_Gbẹ̀dẹ̀ (Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀)

Òfin gbà á. Ẹ lè lo méjèèjì nínú ìdúró kan náà, kí ẹ tún fi ìpààrọ̀ kan lé e. Mo ti rí ẹni tó ṣe é ní póìǹtì ìparí. Ọmọ tó ń gbá sáàfù dúró, ó ń ju bọ́ọ̀lù sókè, ó ń hán an, ó tún ju ú. Nígbà tí mo wá fọn fèrè, ó gbá a kọjá ìlà ẹ̀yìn bíi mítà méjì.

Kóòṣì_Àgbà (Kàbbà)

Mo sì ti rí ẹni tó ṣe é tí ọmọ náà gbá a mọ́lẹ̀ láàárín wọn. Kóòpà, ẹ máa gbá sáàfù tiyín wọlé, ìyẹn ni kò ní jẹ́ kí tirẹ̀ dé.

ỌmọYàgbà, mo ń bọ̀ ní Ìsánlú ní Ọjọ́bọ̀, mo fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi kan. Aago márùn-ún ni kó o kó àwọn ọmọ jáde, kì í ṣe aago mẹ́ta. Kí wọ́n kọjú sí oòrùn. Èmi ni máa gbá sáàfù fún wọn.

ỌmọYàgbà (Ìsánlú)

Bàbá, ẹ ṣeun gan-an. A ó gún iyán dè yín. Mo ti bẹ ọmọ náà láàárọ̀ yìí nígbà tá a wà lórí ìlà. Ó ní, "Sà, mo sọ fún yín nínú táìmáòtù èkejì pé oòrùn máa wà lápá ọ̀hún, ẹ ní kí n dákẹ́."